OÚNJẸ HỌ́LÁŃDÌ NÍ ABÚLÉ ÒKÚTA

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ bi mí léèrè ibi tí òun àti àfẹ́sọ́nà òun ti lè jẹ oúnjẹ àwọn ará Họ́láńdì ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ọdún yóò parí. Ó ti ń gbèrò láti yá owó lọ sí Victoria Island. Mo ní kí ó fara balẹ̀.

Ní Họ́láńdì, ní ọjọ́ 31 oṣù Dèsẹ́ńbà, wọn a po ìyẹ̀fun pẹ̀lú wàrà, ẹyin àti ìwúkàrà. Nígbà tí ó bá wú, wọn a fi ṣíbí bù ú sínú òróró gbígbóná, wọn a sì da ṣúgà kíkúnná lé e lórí. Oliebollen ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Flanders ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m ń pè é ní smoutebollen. Ta ni kò mọ̀ pé ó jọ pọ́fù-pọ́fù wa? Èyí tí àwọn ìyá ń dín ní ẹ̀bá ọ̀nà kì í sábà ní ẹyin, ṣùgbọ́n ìwúkàrà ni ó ń mú méjèèjì wú.

Wàrà inú agolo tí a ń pè ní Peak pẹ̀lú, tí ó dé orílẹ̀-èdè wa ní 1954, láti Friesland ní Họ́láńdì ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Nítorí náà, kí ó ra wàrà, ẹyin àti èso àjàrà gbígbẹ, kí àwọn méjèèjì sì dín in ní ilé ìdáná ìyá ọmọbìnrin náà, kí wọ́n tó lọ sí ìsìn àìsùn. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Ẹni tí ń múra ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ fi gbèsè wọ ọdún tuntun.