Ohun tí Òtútù Ń Bá Jà

Ìlà agbedeméjì ayé kò jìnnà sí Libreville, olú ìlú Gabon. Ní àdúgbò Derrière la Prison, kódà nínú oṣù Júlàáì tí ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ máa ń tura, ṣàṣà ni afẹ́fẹ́ ń tutù kọjá 20°C. Inú firiji ni òtútù gidi ń gbé níbẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èèpo rẹ̀ á dúdú. Bí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, ẹ ó rí ìlà dúdú-dúdú lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, omi inú rẹ̀ kò tíì dì. Ọmọ ilẹ̀ olóoru ni ọ̀gẹ̀dẹ̀: níbi tó bá tutù ju nǹkan bí 13°C lọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á gan, á máa jò. Àwọn oje tó yẹ kó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á pàdé, wọn á sì dúdú. Iṣu pàápàá kò fara mọ́ irú òtútù bẹ́ẹ̀.

Tí omi bá wá dì, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Omi tó dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ohun tó ń fọ́ ìgò nínú fíríìsà nìyẹn. Nínú ẹran ara, yìnyín á fa omi jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, á sì ya á. Ẹ tẹ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ wò: ó ti rọ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kòkòrò àìfojúrí tó ń ba ẹja jẹ́ kò kú. Wọ́n kàn sùn ni. Bí iná bá lọ, tí ẹja yọ́, wọn á jí.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá ni dídì ń pa. Àkèré kan wà nínú igbó Alaska, ní Amẹ́ríkà, tó ń dì gbagidi nígbà òtútù, tí ọkàn rẹ̀ kò ní lù mọ́. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà yìí ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gbẹ tán. Bí ilẹ̀ bá móoru, á yọ́, á sì máa fò lọ.

Ọ̀nà tí irúgbìn ń gbà yè yàtọ̀. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, irú ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ló wà nípamọ́. Wọ́n kọ́kọ́ gbẹ hóró wọn dáadáa, kí wọ́n tó kó wọn sínú òtútù -20°C. Omi ara wọn ti kéré jù fún yìnyín láti rí nǹkan dì, ẹ̀mí wọn kò sì bọ́. Òtítọ́ ni pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi ni òtútù ń gbà wọlé pa nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ fi irúgbìn pamọ́ sínú fíríìsà, kó kọ́kọ́ jẹ́ kó gbẹ.