Ìlànà Ọ̀rọ̀ Orí Ayélujára Ní Ibi Iṣẹ́: Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ Ọ́ Kí Ọ̀ràn Tó Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ bá sọ nípa ọ̀gá rẹ̀ tàbí nípa iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà kọjá ìloro ilé. Lónìí, fóònù ọwọ́ ẹni ti tó láti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí Facebook, WhatsApp tàbí X, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Twitter títí di ọdún 2023. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gbogbo ibi iṣẹ́, ì báà ṣe ilé ìwé, ilé ìwòsàn, báńkì tàbí ọ́fíìsì ìjọ, ní ìlànà tí a kọ sílẹ̀ lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣe máa lo àwọn ojú òpó wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kíkọ nìkan kò tó. Bí ìlànà náà kò bá yé ènìyàn, kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹjọ́ kan tí ó wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí hàn gbangba. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ọ̀gbẹ́ni Adrian Smith jẹ́ alábòójútó ní Trafford Housing Trust, ilé iṣẹ́ tí ń pèsè ilé fún àwọn ayálégbé ní agbègbè Manchester. Ó ka ìròyìn pé ìjọba fẹ́ fàyè gba ìsopọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin nínú ilé ìjọsìn. Ó fi ìròyìn náà sí ojú ewé tirẹ̀ lórí Facebook, ó sì fi gbólóhùn kúkúrú kan kún un láti fi hàn pé òun kò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ Ìsinmi ni, kì í ṣe àkókò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sí ojú ewé náà pé alábòójútó ni òun ní ilé iṣẹ́ yìí, àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn aláṣẹ, wọ́n ní ó ti rú òfin ìwà àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí ó ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe máa polongo èrò ẹ̀sìn tàbí ti òṣèlú. Wọ́n já a sí ipò tí ó rẹlẹ̀, wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, adájọ́ ṣe ìdájọ́ pé ilé iṣẹ́ náà ni ó da àdéhùn iṣẹ́. Ó ní kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò ka ọ̀rọ̀ náà tí yóò rò pé ilé iṣẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀, àti pé òfin tí a ṣe fún ibi iṣẹ́ kò nasẹ̀ dé ojú ewé ti ara ẹni náà. Síbẹ̀, owó ìtanràn tí òfin gbà á láyè láti gbà kò tó 100 pọ́n-ùn. Òṣìṣẹ́ jàre, ṣùgbọ́n kò rí èrè tí ó tó nǹkan. Ilé iṣẹ́ jẹ̀bi, orúkọ rẹ̀ sì bàjẹ́.

Kí ni ó wá yẹ kí ó wà nínú ìlànà tí ó dára?

Èkíní ni ààlà. Kí a sọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́, kí a sì jẹ́ kí ó yé gbogbo ìyókù pé èrò tiwọn ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá wà lórí ojú ewé tiwọn.

Èkejì ni ohun tí kò gbọdọ̀ jáde rárá. Bí a bá kọ ọ́ pé “òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọ ohun tí yóò ba orúkọ wa jẹ́,” oníkálukú ni yóò túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé “òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi orúkọ, àwòrán tàbí èsì àyẹ̀wò aláìsàn sí ojú òpó kankan, títí kan WhatsApp ẹbí rẹ̀,” kò sí ẹni tí kò ní yé. Ní Nàìjíríà, òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀ràn òfin. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fi àwòrán ọmọ ilé ìwé síta, kí ilé ìwé ti gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kọ́kọ́rọ́. Ojú ewé tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wà ní ìkáwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí ó kéré tán ènìyàn méjì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí a sì pa á dà lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ ní abala 37, àti ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ ní abala 39. Kò yẹ kí ọ̀gá máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà òṣìṣẹ́, tàbí kí ó máa yẹ fóònù rẹ̀ wò.

Ẹ̀karùn-ún ni ìgbẹ́jọ́. Kí a kọ ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́, kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fi sùn, kí ìkìlọ̀ sì ṣáájú ìjìyà níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ kò bá wúwo. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá.

Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ìlànà náà. Kí a kà á sí etí gbogbo wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, títí dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ àti ọlọ́dẹ, kí oníkálukú sì fọwọ́ sí i. Kí a máa tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí ojú òpó tuntun ń yọ lójoojúmọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìlànà tí a jọ kọ tí ó sì yé gbogbo wa ni yóò gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìjìyà tí kò tọ́ sí i, tí yóò sì gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ ìtìjú.