Ilé Tó Kùtà Ló Bí I: Bí Home Staging Ṣe Dáyé

Ní oṣù kẹrin ọdún 1971, àwọn ajẹ́ńtì ilé méjì kan fi pátákó ńlá kan sẹ́bàá títì nítòsí pápákọ̀ òfurufú ìlú Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé kí ẹni tó bá máa kẹ́yìn jáde ní Seattle jọ̀wọ́ bá àwọn pa iná. Àwàdà ni, àmọ́ àwàdà ẹni tí ọjà rẹ̀ ò tà ni. Boeing, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù, ló ń bọ́ ìlú náà. Lọ́dún 1967, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ládùúgbò ibẹ̀ lé ní 100,000. Nígbà tó fi máa di 1971, wọn ò tó 40,000 mọ́. Ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ ta ilé kó lè wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò tó yẹ kó rà á. Ilé pọ̀ lọ́jà, ẹni tó máa rà á wọ́n bí ojú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1972, obìnrin kan tó ń jẹ́ Barb Schwarz, ajẹ́ńtì ilé ní Bellevue, ìlú tó kọjú sí Seattle láti òdìkejì adágún Washington, bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n wá ń pè ní home staging, ìyẹn títún ilé tò kó lè tà. Iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó mọ ohun tó ń lé oníbàárà sá. Sísọ ọ́ fún onílé ló le. Báwo lèèyàn ṣe máa jókòó sí pálọ̀ onílé, kó wá wí fún un pé ilé rẹ̀ dọ̀tí, pé ẹrù ti pọ̀ jù níbẹ̀, pé àwọ̀ tó kun yàrá kò fani mọ́ra? Onílé lè bínú gbé ilé fún ajẹ́ńtì mìíràn. Schwarz lọ yá èdè àwọn onítíátà lò. Ó ní ilé tí a fẹ́ tà ti di orí ìtàgé, ẹni tó wá wò ó sì ni òǹwòran. Kò sẹ́ni tí í ṣí aṣọ ìkélé kí wọ́n tó to orí ìtàgé tán. Ọ̀rọ̀ tí ì bá dìjà wá di iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ fẹ́ ṣe.

Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè tà yóò rò pé nǹkan tuntun ni wọ́n ń rà síbẹ̀. Kíkó nǹkan kúrò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Àga tó dí ọ̀nà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mára fìríìjì, aṣọ tó kún wọ́dúróòbù débi tí kò ṣe é tì, gbogbo rẹ̀ ń lọ sí ibi ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń háyà lóṣooṣù. Wọ́n á fọ fèrèsé, wọ́n á kun ògiri ní funfun tàbí àwọ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í kórìíra, wọ́n á sì tan gbogbo iná kí àlejò tó dé. Ilé tó ti ṣófo ni wọ́n sábà máa ń kó ẹrù wọ̀. Ojú kì í lè wọn yàrá òfìfo dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá bá bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé tòun náà á gbà.

Ìgbà tí ọjà bá kùtà ni iṣẹ́ yìí ń rówó, owó náà ló sì fà á. Bí ilé bá pẹ́ lórí àtẹ, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tó máa ń wá ni pé kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Ká sọ pé $500,000 ni wọ́n pè é. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré tí wọ́n bá yọ, $25,000 ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà, ìfọ̀mọ́ àti àga tí wọ́n háyà kì í sábà gbà tó bẹ́ẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí ilé náà bá sì tún lò lọ́jà, onílé ṣì ń san owó-orí àti èlé ẹ̀yáwó lórí rẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Lọ́dún 1998, Channel 5 ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ètò House Doctor. Ann Maurice, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ń wọ ilé àwọn ará Bìrìtìkó tí ilé wọn kò tà, tó sì ń sọ òótọ́ fún wọn láìfi bò. Lọ́dún 1999, Schwarz dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2004, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HGTV níbẹ̀ gbé ètò Designed to Sell jáde: $2,000 ni wọ́n fún àwọn oníṣẹ́ láti fi tún ilé tó kùtà ṣe. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, iye owó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn onílé tó há sì wá rántí ohun tí wọ́n ti ń wò fún ìgbádùn.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ní kí onílé kó, fọ́tò ẹbí ló ń dùn ún jù. Ẹ wo ilé ọmọ Yorùbá kan ní Houston tàbí Maryland: fọ́tò ìyá níbi àádọ́rin ọdún, bàbá nínú aṣọ oyè, àwọn ọmọ nínú gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́yege, àgbélébùú tàbí àyọkà Kùránì lórí ilẹ̀kùn. Ajẹ́ńtì á ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, kí àlejò lè rí ara tirẹ̀ nínú ilé náà. Bó ṣe ń wí fún òyìnbó náà nìyẹn.

Àmọ́ fún aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2020, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú kan ní Marin City, ní California, fẹ́ tún ẹ̀yáwó ilé wọn ṣe, wọ́n sì ní kí adíyelé wá díye lé e. Ẹni àkọ́kọ́ pè é ní $995,000. Wọ́n kó fọ́tò ẹbí àti iṣẹ́ ọnà Áfíríkà kúrò, wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ òyìnbó dúró bí onílé, ó sì kó fọ́tò ẹbí tirẹ̀ wá síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, adíyelé mìíràn pe ilé kan náà ní $1,482,500. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí lọ́dún 2023. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ṣùgbọ́n níhìn-ín, àwọ̀ onílé ni wọ́n ń rí.

Ní báyìí, orí fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ rí ilé, kọ̀ǹpútà sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ru àga. Ó lè fi tìmùtìmù sí pálọ̀ òfìfo, ó sì lè pa ògiri tó sán rẹ́. Èyí àkọ́kọ́ jọ ohun tí Schwarz ń kọ́ni. Èkejì jọ ẹ̀tàn. Nítorí náà ni California fi ṣòfin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, pé ajẹ́ńtì tó bá fi kọ̀ǹpútà yí àwòrán ilé padà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn rí àwòrán tí kò tíì fọwọ́ kàn. Inú ilé tó wà nínú àwòrán kejì yìí sáà ni ẹni tó rà á máa sùn.