Ọmọbìnrin Tí A Kò Kà Sí

Láyé àìmọ̀kan, àwọn kan nínú Lárúbáwá a máa sin ọmọbìnrin láàyè. Láàárín wọn náà ni Ànábì (s.a.w.) ti gbé Umaamah, ọmọ tí Zaynab ọmọ rẹ̀ bí, sí èjìká kírun lójú àwọn Sàábé. Bí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, a gbé e kalẹ̀. Bí ó bá dìde, a tún gbé e. Ìkẹ́ tí gbogbo ojú rí nìyẹn.

Ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, ẹ wo ọmọ tí ń kiri omi inú ọ̀rá, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń fọ abọ́ nígbà tí ọmọ onílé ń kàwé. Aṣọ ọdún nìkan kò tó wọn. FOMWAN, àpapọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí tí a dá sílẹ̀ ní 1985, ti mú ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ní iṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá, lẹ́yìn àsàlátù, ẹ pe ọmọ náà lórúkọ, ẹ fi í jókòó tì yín, ẹ kọ́ ọ ní kéú àti ìwé. Ẹ má gbowó. Ẹ̀san ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.