ÀKỌSÍLẸ̀ IBI-ÌṢẸ̀LẸ̀ GẸ́GẸ́ BÍ ATỌ́NÀ FÚN IṢẸ́ ỌLỌ́PÀÁ: ÌWÀ Ọ̀DARÀN ÀTI ÀÀBÒ OJÚ PÓPÓ NÍ AMẸ́RÍKÀ

1.0 Ìfáàrà

Ó pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà ti gbà pé bí ọkọ̀ wọn bá ṣe ń yí ìlú ká tó ni ìbẹ̀rù yóò ṣe mú ọ̀daràn tó. Láàrin ọdún 1972 sí 1973 ni wọ́n dán ìgbàgbọ́ yìí wò ní Kansas City, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Wọ́n pín agbègbè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní márùn-ún, ọlọ́pàá kì í wọ ibẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá pè wọ́n. Ní márùn-ún mìíràn, iye ọkọ̀ tí ń ṣọ́ ibẹ̀ kò yí padà. Ní márùn-ún tí ó kù, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ kan tí ó hàn, yálà nínú iye ìwà ọ̀daràn tàbí nínú ìbẹ̀rù àwọn ará àdúgbò.

Ìbéèrè tí èyí bí ni pé: bí yíyí gbogbo ìlú ká kò bá so èso, níbo gan-an ni ó yẹ kí ọlọ́pàá dúró sí? Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àkọsílẹ̀ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ṣe ń dáhùn ìbéèrè náà. Ó sì fẹ́ fi hàn pé àǹfààní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró lórí mímọ ohun tí ó bí i.

2.0 Ojúko Ìṣẹ̀lẹ̀

Ní ọdún 1989, Lawrence Sherman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìlú Minneapolis. Wọ́n to ìpè tí ó lé ní 323,000, tí ọlọ́pàá gbà láàrin ọdún kan, sí àdírẹ́sì àti oríta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ibi wọ̀nyí ni ó bí nǹkan bí ìdajì gbogbo ìpè náà. Nítorí náà, kò tọ́ láti pe odidi àdúgbò kan ní ibùgbé ọ̀daràn. Ó lè jẹ́ ilé ọtí kan tàbí oríta kan ni ọ̀ràn dì sí, kí àwọn ilé tí ó yí i ká sì wà ní àlàáfíà.

Sherman àti David Weisburd tẹ̀ síwájú. Wọ́n mú 110 irú ojúko bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n sì fi kún ìṣọ́ ọlọ́pàá ní 55 nínú wọn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé ìpè lórí ìwà ọ̀daràn dín kù ní ìwọ̀n ìdá 6 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Kèké yìí ṣe pàtàkì. Ibi tí nǹkan pọ̀ jù ní ọdún kan sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọdún kejì. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n lè fi wé e, ọlọ́pàá yóò gba ìyìn fún ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

3.0 Máàpù Méjì Lórí Ara Wọn

Ní ọdún 2008, NHTSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójútó ààbò ojú pópó, pẹ̀lú ẹ̀ka méjì láti ilé-iṣẹ́ ìdájọ́, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n ké orúkọ rẹ̀ kúrú sí DDACTS. Wọn yóò fi àmì sí ibi tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lórí máàpù. Wọn yóò fi àmì sí ibi tí ìwà ọ̀daràn ti ṣẹlẹ̀. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ọlọ́pàá yóò ti máa dá ọkọ̀ dúró ní gbangba. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ni irinṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀daràn, àti pé ọlọ́pàá kan náà tí ó mú awakọ̀ rọra sáré lè mú olè yí ọkàn padà.

4.0 Ohun tí ó Bí Àkọsílẹ̀

Oríṣi àkọsílẹ̀ mẹ́ta ni ó lè wọ inú irú máàpù bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ti ìjàm̀bá: ọkọ̀ méjì kì í dúró de ọlọ́pàá kí wọ́n tó forí sọ ara wọn. Èkejì ni ìpè àwọn ará ìlú. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ wá rí: ọkọ̀ tí ó dá dúró, tàbí oògùn olóró tí ó bá lára ènìyàn. Méjì ìṣáájú ń sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta ń sọ ibi tí ọlọ́pàá ti wò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Bí ẹ̀kẹta bá dà pọ̀ mọ́ méjì ìṣáájú, iṣẹ́ ọlọ́pàá yóò di ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn: ibi tí wọ́n bá rán wọn lọ ni wọn yóò ti mú ènìyàn, ibi tí wọ́n bá sì ti mú ènìyàn ni máàpù yóò tún rán wọn lọ. Ní ọdún 2016, Kristian Lum àti William Isaac fi àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá lórí oògùn olóró ní ìlú Oakland dán irú ìṣirò yìí wò. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tálákà ni ó ń tọ́ka sí ṣáá, bẹ́ẹ̀ ni ìdíyelé tí wọ́n gbé ka ìwádìí mìíràn fi hàn pé àwọn tí ń lo oògùn náà wà káàkiri ìlú. Awakọ̀ aláìṣẹ̀ tí ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa dá dúró léraléra. Bí kò bá sì fọkàn tán ọlọ́pàá mọ́, kò ní pè wọ́n nígbà tí olè bá dé. Àkọsílẹ̀ oríṣi kejì náà yóò sì bàjẹ́.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Àkọsílẹ̀ ibi-ìṣẹ̀lẹ̀ ti fi hàn pé ìṣọ́ tí ó ní ojúko sàn ju ìyípo lásán lọ. Ṣùgbọ́n ìjàm̀bá ọkọ̀ àti ìpè ará ìlú ni ó yẹ kí ó yan ojúko náà, kì í ṣe iye ènìyàn tí ọlọ́pàá ti dá dúró níbẹ̀ rí. Bákan náà ni èso rẹ̀: iye òkú àti ìpalára tí ó dín kù lójú pópó, àti iye ilé tí olè kò fọ́ mọ́, ni òṣùwọ̀n tí ó tọ́, kì í ṣe iye ìwé ìtanràn tí wọ́n kọ.