Ilé Nínú Ihò, Ilé Nínú Òtútù, Ilé Lórí Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko baba ẹni tí ó tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé gbígbé rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ sí òkè òkun, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Nìú Yọ́ọ̀kì ni ọkàn wa máa ń sáré lọ, níbi tí ọjà pọ̀ sí. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú kan wà láyé tí a kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn, tí ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbà gbélé yóò mú kí ìyàwó ilé la ẹnu sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ni mo fẹ́ mú yín dé. N kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí ibi tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò. Yàrá, ibi ìdáná, omi mímu àti ibi tí ìyá ń bímọ sí ni kí a jọ wò, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ ohun tí ìlú kan ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Ọsirélíà. Bí ènìyàn bá kúrò ní Adelaide tí ó wà létí òkun ní gúúsù, tí ó sì wa mọ́tò lọ sí ìhà àríwá fún nǹkan bí kìlómítà 850, yóò dé ìlú kékeré kan nínú aṣálẹ̀ tí a ń pè ní Coober Pedy. Àwọn ará ibẹ̀ kò tó 2,000. Àlejò tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rò pé ogun ti kó ìlú náà lọ, nítorí òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni yóò máa rí káàkiri. Igi ṣọ̀wọ́n, koríko ṣọ̀wọ́n, ilé kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ dà? Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó ń gbé inú ilé tí a gbẹ́ sínú òkè.

Òkúta oníyebíye tí a ń pè ní opal ni ó dá ìlú náà sílẹ̀. Ní 1915, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan, Willie Hutchison, tí ó bá baba rẹ̀ lọ wá wúrà nínú aṣálẹ̀ náà, ṣe alábàápàdé opal nílẹ̀. Láìpẹ́, àwọn awakùsà ya lọ síbẹ̀ bí omi. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti Ogun Àgbáyé Kìíní bọ̀ wà lára wọn, kòtò gbígbé kò sì jẹ́ tuntun sí àwọn wọ̀nyí. Àwọn onílẹ̀ wo ohun tí àlejò wọn ń ṣe, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní kupa piti, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ihò àwọn òyìnbó. Orúkọ náà jọ ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni àwọn òyìnbó fúnra wọn fi ń pe ìlú náà títí di òní.

Ooru ni ó lé wọn wọlẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí ó bọ́ sí àkókò Kérésìmesì, ooru lè kọjá ìwọ̀n 45 ti Sẹ́líṣíọ̀sì. Ní Èkó níbí, agbára káká ni ó fi ń kọjá 35, a sì ti ń pariwo. Ṣùgbọ́n nínú ilé abẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyí, kì í sábà ju ìwọ̀n 25 lọ, tọ̀sán tòru, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí ó bá ti sanwó iná mànàmáná rí, tàbí tí ó ti ra epo sí jẹnẹrétọ̀, yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ̀gbẹ́ òkè ni a ti ń wọ ilé náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn ilé tiwa. Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi ibi ìdáná àti balùwẹ̀ sí iwájú, kí èéfín àti omi ìdọ̀tí lè rí ọ̀nà jáde. Inú lọ́hùn-ún ni yàrá ibùsùn ń wà. Wọn a lu ihò tóóró láti àjà dé òkè ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, wọn a sì fi ọ̀dà tí ó mọ́ gaara kun ògiri, kí eruku má baà máa já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì àti sínú oúnjẹ. Bí ìyàwó bá fẹ́ pẹpẹ tí yóò to abọ́ sí, ara ògiri náà ni wọn yóò gbẹ́ ẹ sí. Bí ọmọ bá pọ̀ sí i, wọn yóò gbẹ́ yàrá mìíràn. Bí a bá sì paná, òkùnkùn biribiri ni, ariwo òde kò sì dé ibẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kì í sùn lọ́sàn-án lè máa jowú wọn.

Ilé kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Faye ni ó ni ín. Ní àwọn ọdún 1960, òun àti àwọn obìnrin méjì mìíràn gbé dígà àti ṣọ́bìrì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilé náà sí i fúnra wọn. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n gbẹ́ yàrá, wọ́n gbẹ́ pálọ̀, kódà wọ́n ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ sínú ilé! Lẹ́yìn náà, ilé yìí di ibi tí àlejò ń sanwó wọ̀ kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kí ẹni tí ó bá ń sọ fún yín pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni ilé kíkọ́ gbọ́ èyí.

Ṣùgbọ́n ọmọ títọ́ níbẹ̀ ń fẹ́ ojú méjì. Àìmọye ihò ni àwọn awakùsà ti gbẹ́ yí ìlú náà ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn jìn gan-an, wọn kò sì ní ìdérí. Pátákó ìkìlọ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà pé kí ènìyàn má sáré, kí ó má sì fi ẹ̀yìn rìn. Àlejò tí ń sún sẹ́yìn kí gbogbo ẹbí rẹ̀ lè wọ inú fọ́tò ni wọ́n ń bá wí. Omi pẹ̀lú kò rọrùn: abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni a ti ń fà á níta ìlú, a ó sì yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kí ó tó ṣe é mu, nítorí náà ó gbówó lórí.

Láti inú ooru yìí, ẹ jẹ́ kí a fò lọ sí ibi tí òtútù ti jọba. Àwọn erékùṣù Svalbard, tí í ṣe ti orílẹ̀-èdè Nọ́wè, wà ní ìhà àríwá ayé pátápátá. Longyearbyen ni ìlú tí ó tóbi jù níbẹ̀, nǹkan bí 2,500 ènìyàn ni ó sì ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Longyear, ará Amẹ́ríkà, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1906 nítorí èédú.

Obìnrin kì í dúró bímọ ní ìlú yìí. Ilé ìwòsàn wà, ṣùgbọ́n ó kéré, kò sì ní ohun tí a nílò fún ìgbẹ̀bí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù rẹ̀ tó pé, aboyún yóò di ẹrù rẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ òfurufú kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Nọ́wè gan-an, yóò sì máa retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tí ó ti ní ọmọ kékeré méjì nílé, ta ni yóò fi wọ́n sí lọ́wọ́? Iṣẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ibẹ̀. Ìyá ọkọ kò sí ní ìtòsí, ìyá tí yóò wá bá wọn wẹ ọmọ kò sì sí. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa ìlú náà a máa sọ̀rọ̀ béárì funfun tí ń rìn kiri ẹ̀yìn odi rẹ̀. Ní tèmi, aboyún tí ń dá wọ ọkọ̀ òfurufú yẹn ni ó yà mí lẹ́nu jù.

Àwọn kan ń sọ pé òfin ka ikú pàápàá léèwọ̀ níbẹ̀. Àsọdùn ni. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà dì gbagidi tọdún tọdún, nítorí náà wọn kì í sin òkú inú pósí síbẹ̀ mọ́.

Láti ìparí oṣù Òkítóbà ni oòrùn ti ń wọ̀ tí kò sì ní í yọ mọ́ fún oṣù tí ó lé ní mẹ́ta. Kódà nígbà tí ó bá padà, àwọn òkè ṣì ń dí i mọ́ ìlú náà lójú. Ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Máàṣì, àwọn ọmọdé, tí wọ́n ti kun ojú wọn bí oòrùn, a péjọ sí ibi àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn àtijọ́, wọn a máa ké pe oòrùn títí ìtànṣán àkọ́kọ́ yóò fi bọ́ sórí àtẹ̀gùn náà.

Bí ó bá jẹ́ owó ọkọ̀ òfurufú ni ó ń dẹ́rù bà yín, ìkẹta kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá gba Sèmè kọjá sí Kútọnu, tí ó sì dé Abomey-Calavi, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ lọ sí Ganvié, ìlú tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé lórí ọ̀sà Nokoué, nínú ilé tí a kọ́ sórí òpó igi. Àwọn Tofinu ni wọ́n ni ín. Ní ayé òwò ẹrú, àwọn tí ń kó ènìyàn tà létí òkun ni ó lé wọn kúrò lórí ilẹ̀. Ìjọba Dàhómì tí ó gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864 ni ìtàn wọn ń dárúkọ. Wọ́n ní èèwọ̀ ni fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti bá ènìyàn jà lórí omi. Ìyá tí kò fẹ́ kí a já ọmọ gbà mọ́ òun lẹ́yìn gbà láti tọ́ ọ lórí omi.

Àwọn ọkùnrin ń pẹja, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ni ọjà. Inú ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ń to ata, tòmátì àti ẹja sí, oníbàárà a sì tu ọkọ̀ tirẹ̀ wá pàdé wọn. Omi yí ilé ká, síbẹ̀ ti mímu kò sí nínú rẹ̀: ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ ra á níbi ẹ̀rọ, kólóbó kólóbó.

Bí ẹ bá lọ, ẹ ṣẹ́ owó sẹ́fà wẹ́wẹ́ dání kí ẹ lè ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ìyá náà. Ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó fún ọmọ yín kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ má wo ti àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n ti ń tukọ̀ láti kékeré. Kí ẹ tó yọ kámẹ́rà, ẹ kí ènìyàn, kí ẹ sì tọrọ àyè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò fẹ́ kí àlejò ya wọ́n, bí wọ́n bá sì rí kámẹ́rà, wọn a fa akẹtẹ̀ wálẹ̀ bo ojú.