Ìlàjà Kì Í Ṣe Ìbòmọ́lẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú agbo ilé àtijọ́, bí ìjà bá dé iwájú baálé, olùfisùn yóò rojọ́, ẹnìkejì yóò fèsì, ẹlẹ́rìí yóò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tí ó jẹ̀bi yóò gbà pé òun jẹ̀bi, yóò tọrọ àforíjì, yóò sì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìdáríjì tó kàn.

Ó jọ pé ìdáríjì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Sùúrùlérè, Yábàá àti Muṣin rántí nínú àṣà yìí. Bí ọmọ kan bá fẹjọ́ sùn pé ẹni tí ó ju òun lọ ń lu òun, tí ó sì ń gba oúnjẹ òun, a ó ní: 'Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, ó tán.' Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ní: 'Àwa náà jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, kò pa wá.' Sùúrù lérè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń lù kọ́ ni ó yẹ kí a máa bẹ̀ pé kí ó ní sùúrù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo Nàìjíríà wo fọ́nrán kan láti ilé-ìwé kan ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń gbá ọmọbìnrin kan létí léraléra. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n rí i. Síbẹ̀, fọ́nrán ni ó sọ ọ́ fún ìlú.

Èkó kò ṣaláìní òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti ọdún 2007. Ní ọdún 2016, Gómìnà Ambode pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ìwé ní ìlànà ààbò fún ọmọdé. Ibùdó ìlàjà fún aráàlú tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 ń parí ìjà onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́, bí ti baálé gan-an: tọ̀tún-tòsì ni wọ́n ń gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìlàjà parí ọ̀ràn ọ̀daràn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe mú ọmọ tí ẹ̀rù ń bà dojú kọ ẹni tí ń lù ú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ gbọ́ ti ẹnìkejì àti ti ẹlẹ́rìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pe òbí méjèèjì. Pàṣán nìkan kò tó. Ọmọ tí a nà láìjẹ́wọ́ lè lọ gbẹ̀san. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣe, kí ó dá ohun tí ó gbà padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún bi ẹni tí a lù léèrè bóyá ìyà náà ti dáwọ́ dúró. Bí ó bá di ọgbẹ́, ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá ló kàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó rí ìyànjẹ tí ó sì sọ fún àgbà kì í ṣe olófòófó. Ẹlẹ́rìí ni, baálé kò sì lè dá ẹjọ́ òdodo láìsí ẹlẹ́rìí.